Ẹ Bi Ahunṣọ Kí Ẹ Tó Fa Ilà

Ní ilé ìwé, orí ìtàn àròsọ, ewì àti eré onítàn ni wọ́n ti ń kọ́ wa ní lámèyítọ́. A ó ka ìwé tán, a ó wo ohun tí òǹkọ̀wé ṣe dáadáa àti ibi tó kù sí. Mi ò tíì rí ẹni tó lo irú ojú bẹ́ẹ̀ fún ọgbà ìlú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ọgbà náà. Ẹnì kan ló jókòó tó ya àwòrán rẹ̀. Ẹni tí ìwé kò bá wù lè pa á dé kó gbé e sílẹ̀. Ọgbà àárín ìlú kò ṣe é pa dé. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán, ojoojúmọ́ la ó máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu wa. Ẹ dúró ní Ìṣẹ́yìn kí ẹ sọ pé ìjọba fẹ́ kọ́ páàkì sí àárín ìlú, ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò pé àwọn fẹ́ máa wọ̀ níbẹ̀. Páàkì lọ́dọ̀ wa ni ibi tí wọ́n ti ń pe èrò Ìbàdàn, Ṣakí àti Òkèhò. Àwọn tó mọ̀wé ń pe èkejì ní ọgbà ìgbafẹ́. Orúkọ yìí dára létí, àmọ́ ó ń ṣini lọ́nà díẹ̀, nítorí ó dà bí ẹni pé fàájì nìkan ni ilẹ̀ gbalasa àárín ìlú wà fún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Ìbàdàn, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà Agodi sílẹ̀ fún ẹranko àti igi. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì ba ọgbà náà jẹ́ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn nílùú. Ìjọba Abíọ́lá Ajímọ̀bí ló tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2014. Ó lẹ́wà. Àwọn igi ńlá wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, ọmọdé rí ibi ṣeré. Àbùkù kan tí mo rí lára rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà: owó lẹ fi ń wọlé. Òṣìṣẹ́ tó ń ti Sẹkitéríàtì bọ̀ nínú oòrùn kò lè yà síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó fi igi borí. Mi ò sọ pé kí wọ́n má gba owó o; ta ni yóò máa gé koríko lọ́fẹ̀ẹ́? Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tí ògiri yóò gbà, ẹni tí yóò sanwó àti ẹni tí kò ní san, ọ̀rọ̀ tí ará ìlú ń jókòó lé lórí ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayàwòrán ilé nìkan.

Freedom Park ní Èkó yàtọ̀, mo sì gba ti ẹni tó ṣe é. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn Òyìnbó amúnisìn ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní Broad Street. Wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́ ibẹ̀ rí, wọ́n ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà mọ́ ibẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n wó ẹ̀wọ̀n náà, ilẹ̀ náà sì di ààtàn. Ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, ló ronú pé kí ibẹ̀ di ọgbà ìrántí, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2010 nígbà tí Nàìjíríà pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Kò pa ìtàn ibẹ̀ rẹ́. Ẹ ó rí ipa yàrá ẹlẹ́wọ̀n, orí pèpéle tí àwọn olórin sì ti ń kọrin lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so ènìyàn kọ́ láyé ọjọ́un. Mo ka èyí sí ọgbọ́n gidi: ó bi ilẹ̀ náà léèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Àmọ́ bíbi ilẹ̀ léèrè yàtọ̀ sí bíbi àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ léèrè. Ilẹ̀ ẹ̀wọ̀n tó ti di ààtàn kò ní ẹni tó ń jẹun lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ilẹ̀ àárín ìlú Òkè-Ògùn ní wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí gan-an nìyí. Ìṣẹ́yìn ni ilé aṣọ òfì. Ẹni tí kò bá tíì rí ahunṣọ wa lẹ́nu iṣẹ́ lè rò pé inú yàrá kékeré kan ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Òfì fúnra rẹ̀ kò gba àyè púpọ̀, aṣọ tó ń ti inú rẹ̀ jáde kò sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Òwú ló ń gba àyè. Ahunṣọ yóò ta òwú náà gbọọrọ síwájú, yóò so ìdí rẹ̀ mọ́ igi pẹlẹbẹ kan tó di òkúta rù, kí òwú lè le. Bó ṣe ń hun ún ni òkúta yóò máa wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òwú yìí lè gba gbogbo iwájú agbo ilé kọjá. Àwa ọmọdé mọ̀ pé a kì í sáré kọjá lórí rẹ̀. Àlejò tó bá dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ tí kò sí òwú nílẹ̀, ilẹ̀ òfìfo ni yóò rí. Yóò fa ilà òdòdó sí àárín rẹ̀. Yóò gbé àga símẹ́ǹtì kalẹ̀. Àwòrán rẹ̀ yóò wuyì lórí bébà, ìran ahunṣọ kan yóò sì kó òfì rẹ̀ kúrò níbi tí bàbá wọn ti ń hunṣọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá tó ń sá ẹ̀lùbọ́. Àpáta tí ayàwòrán fẹ́ kùn ní ọ̀dà nítorí ẹwà, pèpéle iṣẹ́ ni lójú wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ojúde ọba ńkọ́? Níbẹ̀ ni egúngún ti ń jó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde, ibẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù wa wà ní ìrọ̀lẹ́. Igi odán tí àwọn àgbà gbìn sí irú ibẹ̀ àti sí ọjà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ ọ̀dàn nilẹ̀ wa. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ má rọ̀ rárá, ìbòòji sì dà bí omi.

Ìlú kan wà ní agbègbè wa tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n fẹ́ sọ iwájú ọjà di ìgbàlódé. Igi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gé, wọ́n sì fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ gbogbo ilẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé ìkéde mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn aláta kì í dé. Nígbà tí ọyẹ́ fi dé, òdòdó ti gbẹ, nítorí ẹnikẹ́ni kò béèrè ibi tí omi yóò ti wá. Ní ọ̀sán, bíríkì náà gbóná débi pé ẹni tí kò wọ bàtà kò lè dúró lórí rẹ̀. Àwọn bàbá tó máa ń ta ayò lábẹ́ igi náà ti pín káàkiri. Ọ̀kan nínú wọn máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wa báyìí, òun nìkan, láìsí ọpọ́n.

Kì í ṣe pé kò sí òfin. Òfin ètò ìlú àti agbègbè tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 sọ pé bí wọ́n bá ń ṣe ètò ìdàgbàsókè, kí wọ́n gbé e síta fún aráàlú láti rí, kí wọ́n sì gba ohun tí wọ́n bá ní láti sọ sí i. Àmọ́ ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kì í gbọ́rọ̀. Ní Kibera, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Nairobi ní Kẹ́ńyà, àjọ kan tó ń jẹ́ Kounkuey Design Initiative ń bá àwọn olùgbé ibẹ̀ kọ́ irú ibi báyìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ya àwòrán títí dé ìgbà tí wọ́n ń bójú tó o, àwọn olùgbé wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa rí ibi ìfọṣọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ìsọ̀ kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré.

Àwọn kan yóò sọ pé ìpàdé aráàlú kì í lópin, àti pé àwọn olówó àti olóyè nìkan ni yóò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ọjà, ta ni yóò wá nínú àwọn ìyá ẹlẹ́lùbọ́? Nítorí náà, kí ìpàdé náà lọ bá wọn. Kí wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ahunṣọ, ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà, àti ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀. Kí wọ́n wá sí ilé ìwé wa pẹ̀lú, kí wọ́n fún wa ní bébà, a ó ya ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Kí wọ́n ta okùn sílẹ̀ lórí ilẹ̀ gan-an, kí ará ìlú rí ibi tí ògiri àti òdòdó yóò gbà, kí ẹni tí kò fẹ́ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ́ka síbẹ̀ kó ní, "Ẹ sún un." Bí ó bá sì di ti ahunṣọ, kí ayàwòrán dúró di ọjọ́ tí wọ́n ta òwú sílẹ̀, kó mú tépù rẹ̀ dání, kó wọ̀n ọ́n láti ẹnu òfì títí dé ìdí òkúta.