Ìyàwó Kàkò Tí Kò Lórúkọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó, púpọ̀ nínú yín ló ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí olóògbé D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, gbé jáde ní 1938. Bí a bá bi yín léèrè àwọn akọni inú rẹ̀, ẹ ó dárúkọ Àkàrà-ògùn, ẹ ó dárúkọ Kàkò Oníkùmọ̀ Ẹkùn. Ta ló rántí ìyàwó Kàkò?

Ibi tí obìnrin náà ti hàn kò gùn rárá. Kàkò fẹ́ bá Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Lángbòdó. Aya rẹ̀ dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kí ó lọ. Kàkò bínú, ó pa á, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Òǹkọ̀wé kò tilẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ fún wa.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ọba ló ká Kàkò lára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àlàáfíà ìlú ni ọba rán wọn lọ wá. Ẹni tó ta ẹ̀jẹ̀ aya rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lọ, àlàáfíà wo ni yóò gbé bọ̀ wálé?

A kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé náà. Èdè rẹ̀ dùn, ọgbọ́n sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi agbára nìkan wọn akọni. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń kà á fún àwọn ọmọ, ẹ dúró díẹ̀ níbi obìnrin yìí, kí ẹ bi wọ́n pé: kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?