Ẹ Má Sọ Lẹ́tà Yẹn Di Ńlá

Orí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ rí Álífábẹ́ẹ̀tì Ikú tí Hans Holbein yà ní ìlú Basel, ní nǹkan bí ọdún 1524. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí lẹ́tà kan fi kún ojú fóònù. Mo ní, "Háà, bàbá yìí mọ iṣẹ́ o!" Àṣé mi ò tíì rí nǹkan kan.

Lẹ́tà ńlá tí àwọn atẹ̀wé fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú ìwé ni wọ́n. 24 ni wọ́n. Kò sí J, kò sí U. Nínú A, àwọn òkú tó ti di eegun ń fun fèrè, wọ́n ń lùlù. Láti B lọ, Ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn: Póòpù, olú-ọba, títí dé ọmọ ọwọ́ nínú Y. Lẹ́tà kàn dúró sẹ́yìn wọn bí ògiri ni.

Ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ, bí ìdérí ìgò mínírà. Hans Lützelburger ló gbẹ́ wọn sára igi. Ibi tí kò gbọdọ̀ gba íǹkì ló ń gbẹ́ kúrò, ìlà tín-ín-rín ló ń ṣẹ́ kù, òdìkejì sì ni gbogbo ẹ̀ ń kọjú sí. Ọ̀bẹ yẹ̀ díẹ̀, ó bà jẹ́ nìyẹn. Kò sí undo níbẹ̀. (Holbein nìkan la sì máa ń dárúkọ. Ó ń dùn mí.)

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́, àwòrán inú lẹ́tà máa ń bá ọ̀rọ̀ ìwé lọ. Tibí ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yòówù tó bá fi B bẹ̀rẹ̀, atẹ̀wé lè ki Póòpù àti Ikú síbẹ̀. Ẹlòmíì á ní àléébù nìyẹn. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló ti dùn: Ikú ò béèrè ohun tó o fẹ́ kà. Z nìkan ni kò wọ̀ mí lára. Ìdájọ́ Ìkẹyìn ni, èrò pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì fẹ́ ṣàlàyé ohun tí àwọn yòókù ti fi sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ Y sórí bébà ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, mo kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ojú mi ti sáré dé ìlà kẹta kí n tó rí i pé Ikú ti gbé ọmọ náà.