Òdòdó Lábẹ́ Rọ́bà: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Káàdì Àfọwọ́ṣe

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ẹni tó ṣe káàdì dá ṣáṣá, ẹ gbé káàdì náà sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wá ibi tí gọ́ọ̀mù wà. Nínú káàdì ìkíni olódòdó tí wọ́n fi rọ́bà tó mọ́ gaara ṣe, gọ́ọ̀mù ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Bébà ń bo àṣírí, rọ́bà kì í bò ó. Gọ́ọ̀mù tó bá ṣìnà á hàn lábẹ́ rẹ̀ bí itọ́ ọmọdé lára gíláàsì. Ọ̀jáfáfá á fi í pamọ́ sẹ́yìn ọ̀pá òdòdó tàbí sábẹ́ ewé tó nípọn, débi pé ẹni tó ń wò ó kò ní mọ ohun tó di òdòdó mú.

Acetate ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ń pe rọ́bà yìí. Ní Ore, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ ó rí ìbátan rẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà: òun ni wọ́n fi ń bo iwájú ìwé prójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí iṣẹ́ náà ṣe sábà máa ń lọ nìyí: wọ́n á ká bébà líle sí méjì, wọ́n á gé fèrèsé sójú rẹ̀, wọ́n á lẹ rọ́bà mọ́ fèrèsé náà láti inú, òdòdó á sì wà lára rọ́bà ọ̀hún. Àwọn mìíràn á fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ìpele kan ga ju èkejì lọ, kí òjìji lè bọ́ sáàárín. Àwọ̀ olómi lásán kì í dúró lára rọ́bà, ṣe ló máa ń ká jọ sójú kan. Íńkì tí wọ́n fi ọtí pò ló máa ń dì í mú.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbóríyìn fún nínú iṣẹ́ yìí ni làákàyè tó ń béèrè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í kun iwájú rọ́bà, ẹ̀yìn ló ń kùn, kí iwájú lè máa dán, kí ìka má baà họ àwọ̀ kúrò. Ó di dandan kó ronú láti òpin wá síbẹ̀rẹ̀: iṣan ewé àti ẹ̀ṣọ́ àárín òdòdó ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, àwọ̀ gbígbòòrò á wá tẹ̀lé e. Bí ọ̀rọ̀ bá wà níbẹ̀, òdìkejì ló máa kọ ọ́. Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gàl ti ń ṣe irú èyí lórí gíláàsì tipẹ́. Souwère ni wọ́n ń pè é, Gora Mbengue tó kú ní 1988 sì wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí ayé ń wá. Kò sí àyè àtúnṣe nínú iṣẹ́ wọn. Àwọ̀ tó bá kọ́kọ́ kan gíláàsì ni ojú yóò máa rí níwájú títí láé. Bí mo bá wá fi èyí wé àwọn káàdì tí wọ́n kàn lẹ sítíkà òdòdó mọ́ iwájú rọ́bà, ọ̀lẹ ni mo rí. Rọ́bà tí kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ojú lè máa wá lọ kò yàtọ̀ sí nylon tí wọ́n fi di ẹ̀bùn.

Ẹlòmíràn tó yẹ ká fi wọn iṣẹ́ yìí ni Mary Delany, obìnrin ará Ìlú Ọba. Ẹni ọdún 72 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bébà aláwọ̀ gé òdòdó ní 1772, kò sì ṣíwọ́ títí ojú rẹ̀ fi ń ṣú ní nǹkan bí ọdún 10 lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ tó ṣe sún mọ́ 1,000, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà. Bébà tín-ín-rín ló ń lẹ lé bébà, ègé lórí ègé, lórí ilẹ̀ dúdú. Kò lo rọ́bà kankan, síbẹ̀ òdòdó rẹ̀ jìn, ẹ ó fẹ́ na ọwọ́ já a. Ohun tó fà á ni pé òdòdó tòótọ́ wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ó mọ iye ewé òdòdó náà, ó mọ ibi tí ọ̀kan ti rọ̀, ó sì kọ orúkọ òdòdó ọ̀hún sára iṣẹ́ náà.

Ibí yìí gan-an ni káàdì òde òní ti ń kùnà. Òǹtẹ̀ àti irin ìgébébà tí wọ́n ń kó wọlé láti òkèèrè ló ń pinnu òdòdó tí a ó rí, nítorí náà róòsì ni ṣáá. N kò ní ìjà pẹ̀lú róòsì. Ṣùgbọ́n ẹ wo Agbabu, níjọba ìbílẹ̀ Odigbo, tí ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́lẹ̀ wá ọ̀dà lágbègbè rẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ ní 1914. Ọ̀dà yẹn ló ń gbé orúkọ ìlú náà jáde nínú ìwé ìròyìn títí dòní. Ta ló ti dárúkọ òdòdó ibẹ̀ rí? Òrúrù ń tan iná pupa lókè igbó. Òdòdó kòkó, tí kò ju orí èékánná lọ, ń yọ lára ìtì igi gan-an, níbi tí àlejò kò ní ronú láti wò. Òṣíbàtà sì wà lójú omi tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ká sọ òótọ́, òṣíbàtà ni òdòdó tí rọ́bà yìí yẹ jù lọ. Ẹ kun ewé àti òdòdó rẹ̀ sẹ́yìn rọ́bà, ẹ kun ọ̀pá rẹ̀ tó rì sínú omi sórí bébà tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ fi fóòmù ya méjèèjì. Ojú omi ni rọ́bà ti dà yẹn. Ìgbà náà ni ìpele á tó ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ohun èlò náà ní àríwísí tirẹ̀. Ojúlówó acetate, tí wọ́n ń fi òwú tàbí igi ṣe, kò fẹ́ràn ooru àti ọ̀rinrin. Bó bá pẹ́ nínú irú ojú ọjọ́ ìhà gúúsù Oǹdó, ó lè ká kò, kó sì máa rùn bí ọtí kíkan, gẹ́gẹ́ bí fíìmù sinimá àtijọ́ ṣe máa ń ṣe. Polyester, tó jọ ọ́ lójú, máa ń pẹ́ jù ú lọ, kí oníbàárà béèrè èyí tí wọ́n ń tà fún un. Ní ti bébà, ọ̀rọ̀ náà ń dunni: wọ́n gbin igi gmelina lọ súà sí igbó Oluwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó nítorí ilé iṣẹ́ bébà Ìwòpin, iṣẹ́ náà kò sì rìn bí wọ́n ti pète rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ inú káàdì. Káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà, èyí tí J. C. Horsley yà fún Henry Cole ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, àyè kékeré ló fi sílẹ̀ fún orúkọ ẹni tó ń kíni àti ẹni tí wọ́n ń kí. Ìkíni fúnra rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Àwa náà gba àṣà náà bẹ́ẹ̀, a sì ń ra "Happy Birthday" lé "Happy Birthday", àwa tí a ní ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣeyẹ, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lè gba káàdì tirẹ̀ àti òdòdó tirẹ̀. Káàdì tí n bá rí òrúrù lára rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ kú ewu ọmọ" tí wọ́n fi àmì ohùn sí dáadáa, ilé mi ni yóò gbé.

Ní tèmi, ọgbọ́n ọwọ́ inú iṣẹ́ yìí ga, èrò inú rẹ̀ ló ṣì kéré. Kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ore tàbí Agbabu fi owó òǹtẹ̀ àti irin ìgébébà pamọ́ ná. Pẹ́ńsù àti òdòdó kan tó já lẹ́yìn ilé tó o.