‘Jẹ́’ àti ‘Ní’ nínú Kíkọ́ Èdè Java: Àgbéyẹ̀wò láti inú Ọ̀wọ́ Ìlù Dùndún ní Ẹdẹ

Java, èdè ìkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ Sun Microsystems gbé jáde ní ọdún 1995, dúró lórí kíláàsì àti ìbátan tó wà láàrin wọn. Àfiwé òbí àti ọmọ ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń ṣàlàyé ìbátan yìí. Àfiwé náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù. Ọmọ kì í ṣe irú òbí kan. Ní Java, kíláàsì tó jogún òmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ irú rẹ̀.

Ọ̀wọ́ dùndún tú àbùkù yìí síta. Ìyáàlù ni aṣáájú ọ̀wọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba orúkọ yìí bí ó ti rí lè kọ ọ́ pé ‘Gudugudu extends Iyaalu’. Àṣìṣe gbáà ni. Ìyáàlù ní ojú méjì àti ọsán tí onílù ń fún kí ohùn lè lọ sókè sódò. Ojú kan ṣoṣo ni gúdúgúdú ní, kò sì ní ọsán tí wọ́n ń fún bẹ́ẹ̀. Kíláàsì Ìlù ló yẹ kí àwọn méjèèjì jogún.

Èdè Yorùbá ní òṣùwọ̀n tó sàn jù. Níbi tí ‘jẹ́’ bá ti tọ́, ìjogún ni: ìyáàlù jẹ́ ìlù. Níbi tí ‘ní’ bá ti tọ́, ohun kan wà nínú òmíràn: ọ̀wọ́ ní ìyáàlù, ìyáàlù ní ṣaworo. Àmọ́ òṣùwọ̀n yìí náà ní ààlà. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tó jọba ní Ẹdẹ láti 1946 sí 1975, jẹ́ ọba, ó sì jẹ́ onílù. Kíláàsì kan ṣoṣo ni Java gbà kí kíláàsì jogún. Nítorí náà, ipò ni irú ‘jẹ́’ yìí ń sọ, ‘ní’ ló sì yẹ ẹ́: ènìyàn ní ipò.

Ètò ọ̀rọ̀ tún lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. ‘Ṣaworo ìyáàlù ọ̀wọ́’ ni Yorùbá ń wí, láti inú bọ́ sóde, ‘owo.getIyaalu().getSaworo()’ ni ti Java, láti òde wọnú. Bí ọ̀wọ́ kò bá ní ìyáàlù, null ni ìpè kìíní yóò mú wá, ìpè kejì yóò sì fa NullPointerException. Olùkọ́ tó bá fojú fo ìyàtọ̀ wọ̀nyí kàn ń kọ́ni ní àkọ́sórí ni.