Ta Ni Yóò Bi Í? Àyẹ̀wò Eré "Baṣọ̀run Gáà"

Àwa tí a dàgbà ní Ìgànmú mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti ọ̀nà jíjìn wo Gbọ̀ngàn Eré ti Orílẹ̀-èdè, tí ìjọba fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024, fìlà sójà ni yóò rò pé òun rí. Abẹ́ ìjọba ológun ni wọ́n sì kọ́ ọ parí ní 1976. Ìrísí ilé náà ni ó mú mi tún ka ìwé eré olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí, "Baṣọ̀run Gáà", tí ó jáde ní 1972, kí n lè wádìí ọ̀rọ̀ kan: ọwọ́ ta ni àṣẹ tí kò sí àṣẹ mìíràn lókè rẹ̀ wà nínú ìlú?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. "Kábíyèsí" ni a ń kí ọba, ìtumọ̀ tí a sì mọ̀ sí i ni pé kò sí ẹni tí ó lè bi í pé èé ṣe. Ṣùgbọ́n òfin Ọ̀yọ́ kò gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tán. Bí ọba bá ṣe àṣejù, àwọn Ọ̀yọ́mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, lè sọ fún un pé ìlú kọ̀ ọ́, ọba náà yóò sì ṣígbá wò, èyíinì ni pé yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wàjà. Ẹni tí a ń kí pé kò sí abini, ó ní abini.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ka Gáà sí ọlọ̀tẹ̀ lásán ṣì í. Òfin ìlú ni Gáà fi gun àwọn ọba lórí. Samuel Johnson kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, pé 130 ọjọ́ péré ni Awọ́nbíojú lò lórí oyè lábẹ́ Gáà. Ẹni tí ìlú yàn láti máa bi ọba ni ó di ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè bi.

Ibi tí Fálétí ti fi èyí hàn wá jù lọ ni ikú Àgbọ̀nyín. Gáà ń wá àgbọ̀nrín tí yóò fi rúbọ, kò rí i. Ó wá mú ọmọ ọba tí ń jẹ́ Àgbọ̀nyín, ó fi í dípò ẹran. Níbi tí ẹnì kan bá ti lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ bí ó ti wù ú, tí kò sí ẹni tí yóò wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́, òfin ti kú níbẹ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1970, nínú ẹjọ́ Lakanmi, Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ wí pé òfin kan tí ìjọba ológun fi gba dúkìá ènìyàn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí oṣù kan tó pé, ìjọba náà gbé òfin No. 28 jáde, ó fagi lé ìdájọ́ náà, ó sì wí pé ilé-ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ yẹ àṣẹ òun wò. Kábíyèsí tuntun gorí oyè láìdé adé.

Ibi tí ara mi kò ti balẹ̀ sí iṣẹ́ Fálétí nìyí. Abíọ́dún àti Kakaǹfò bì Gáà ṣubú ní 1774, inú wa dùn, ayọ̀ náà kò sì jẹ́ kí a béèrè ẹni tí yóò máa bi Abíọ́dún. Ẹnìkan lè wí pé eré kì í ṣe ìwé òfin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtàn béèrè ìbéèrè náà fúnra rẹ̀: lẹ́yìn Abíọ́dún ni ìlú kọ Awólẹ̀, tí Àfọ̀njá kò sì tẹrí ba fún Ọ̀yọ́ mọ́, tí ilẹ̀ ọba náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

Lónìí, apá 14 Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 wí pé àwa ará ìlú ni a ni àṣẹ, ọwọ́ wa ni ìjọba sì ti gba agbára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ológun ni ó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí a kò fi bi ẹnikẹ́ni, ìkíni lásán ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ka "Baṣọ̀run Gáà". Nígbà tí ẹ bá pa ìwé náà dé, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tí ó kù tí yóò bi olórí.