Àwọn Tó Ń Fa Páìpù Gáàsì Wọlé

Láti 1989 ni páìpù ńlá tó ń gbé gáàsì bọ̀ láti Escravos ti ń já sí Ẹ̀gbìn, nílẹ̀ Ìkòròdú, kí wọ́n lè fi pèsè iná mànàmáná. Síbẹ̀, inú sílíńdà ni gáàsì ìdáná ọ̀pọ̀ ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ti ń wá. Ìwà gáàsì méjèèjì ò jọra: ti Ẹ̀gbìn fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́, òkè ló ń lọ, ti sílíńdà wúwo jù ú, ilẹ̀ ló ń wọ́ tọ̀.

Oníṣẹ́ páìpù gáàsì tó mọṣẹ́ kì í gbàgbé èyí. Ìta ló ń gbé sílíńdà sí, lóòró, lórí kọnkéré títẹ́, jìnnà sí gọ́tà àti jẹnẹrétọ̀. Ibi tí páìpù bàbà bá ti la ògiri kọjá, ó ń kọ́kọ́ ki páìpù tó tóbi jù ú lọ síhò náà, kí sìmẹ́ńtì má baà jẹ bàbà.

Ìdánwò ló dùn ún wò jù. Kó tó di pé gáàsì wọ páìpù, á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, á dí i pa, á wá máa wo abẹ́rẹ́ géèjì. Bí abẹ́rẹ́ bá lọ sílẹ̀, ó ń jò níbì kan nìyẹn. Á fi búrọ́ọ̀ṣì kun fófòò ọṣẹ sí gbogbo oríkèé. Ibi tó bá ti ń hó, á tú u, á tún un ṣe. (Ẹni tó bá ṣáná láti fi wá a, kí onílé tètè sìn ín dé géètì.)

Ọjọ́ tó ń jẹ́ kéèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀ rọ́bà gáàsì wà lára rẹ̀. Oníṣẹ́ gidi á kà á sí onílé létí kó tó palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́.