Túndé Kèlání àti Fíìmù Tó Yẹ Kó Gúnlẹ̀

Àwa tí a ń fi kóòdù jẹun mọ̀ pé iṣẹ́ ò tíì parí lọ́jọ́ tí a kọ ọ́ tán. Bí áàpù ṣe wù kó dára tó, tí kò bá dé orí fóònù ẹnikẹ́ni, òfo ni. Ojú yìí la fi ń wo Túndé Kèlání. Àwọn èèyàn máa ń yìn ín nítorí kámẹ́rà àti ìtàn. Lójú tiwa, bó ṣe ń wá ọ̀nà tí fíìmù rẹ̀ á gbà dé ọ̀dọ̀ aráàlú náà wà lára iṣẹ́ ọnà rẹ̀.

London Film School ló ti kẹ́kọ̀ọ́. Ó kọ́kọ́ ń ya fíìmù fún àwọn ẹlòmíì kó tó dá Mainframe tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1993, ó gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde: ilẹ̀ àwọn baba ńlá ni wọ́n tà kí wọ́n lè fi kọ́ ilé epo. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún ará Ajégúnlẹ̀, kò ní bi yín ní ìtumọ̀. Ó mọ ọmọ onílẹ̀ dáadáa. Òun àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá jọ ṣe Ó Le Kú (1997) àti Ṣaworoidẹ (1999). Nínú Ṣaworoidẹ, ọba Lápitẹ́ kọ̀ láti mu májẹ̀mú ìlú, ó jókòó ti owó àwọn agégẹdú. Kò sẹ́ni tó dúró wàásù fún wa níbẹ̀. Ìlù ló ń sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe gbogbo fíìmù rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Nínú Dazzling Mirage (2014), ẹ̀kọ́ nípa àrùn sickle cell máa ń pariwo ju ìtàn lọ nígbà míì.

Àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ títà. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú sídì ti jẹ èrè òógùn rẹ̀ gan-an. Kèlání ò kàn jókòó máa ráhùn: ó bá ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe sinimá alágbèéká, wọ́n ń gbé fíìmù lọ bá àwọn èèyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Èrò yẹn jinlẹ̀. Ó yé e pé ayédèrú máa ń borí torí pé ó sún mọ́lé, kò sì wọ́n.

Ẹ wo Àpápá. Kọ̀ǹténà láti gbogbo ayé ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kọjá Boundary báyìí, ẹ ti dé Ajégúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù Yorùbá tó dára lọ́nà tó bófin mu níbẹ̀ á ro owó tíkẹ́ẹ̀tì, á ro owó ọkọ̀; tó bá ní kóun wò ó lórí fóònù, á tún ro dátà.

Iṣẹ́ tó kù nìyẹn, kì í sì í ṣe Kèlání nìkan ló ni ín. Àwa tí a mọ bí a ṣe ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù ní ìṣẹ́jú àáyá, ṣé a ò lè mọ bí a ṣe máa gbé Ṣaworoidẹ dé Ajégúnlẹ̀ ní iye tí apá ará ibẹ̀ ká, kí owó sì dé ọwọ́ ẹni tó ṣe é?